Bí Kọ̀ǹpútà Àsàmáù Ṣe Dé Akwa

Tí ẹ bá dé Bonabéri, ní Douala ní Kamẹrúùnù, tí ẹ yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, ṣọ́ọ̀bù mi lẹ máa kọ́kọ́ rí, torí bọ́tìnnì àti òwú tí mo gbé kọ́ síta. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Àsàmáù. Ẹ máa bá a nídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, tó ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá. Ẹ wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí ibi mẹ́rin tí símẹ́ńtì ti funfun ju ibi yòókù lọ, roboto, roboto. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mónógíráàmù rẹ̀ dúró sí fún ọdún mọ́kànlá. Àwọn ará ibí ń pè é ní broderie, ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ orúkọ àti àwòrán sára aṣọ. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ.

Ìwó ni wọ́n ti gbé Àsàmáù wá ṣe ìyàwó fún Nàfíù, tó ń ta bàtà ní ọjà ní Akwa. Ó ti ka ìwé mẹ́wàá tán kó tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ṣọ́ọ̀bù ẹbí ní Akwa, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń jókòó ránṣọ lábẹ́ ìyàwó Alhaji Aminullah. Alhaji ni ẹ̀gbọ́n Nàfíù, òun ni gbogbo ilé ń bẹ̀rù. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí o bá fẹ́ lọ tọ̀, wàá tọrọ àyè. Àsàmáù sọ fún mi pé ọdún kan ààbọ̀ ni òun fi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun fún òun ní ìlẹ̀kùn tí òun fúnra òun á máa ṣí.

Ohun tó ṣí ìlẹ̀kùn náà ni ẹ̀rọ yẹn, tòkúnbọ̀ tó rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan láti Èkó; torí owó tó ń mú wọlé ni wọ́n fi gbà kó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbí. Ẹ̀rọ náà kì í dá ṣiṣẹ́ o. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa ya àwòrán, nínú pírógíráàmù tirẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Pírógíráàmù náà sì ní kọ́kọ́rọ́ kan, kékeré bí èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Láìsí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kò ní ṣí rárá. Àsàmáù so òwú pupa mọ́ ọn, ó ki ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé kan sí i, kó má bàa sọ nù. Ọkùnrin ará Èkó yẹn fi dísìkì tirẹ̀ gbé pírógíráàmù náà sórí kọ̀ǹpútà, ó mú dísìkì rẹ̀ lọ. Kó tó lọ ó ní, “Ìyá, ẹ má fi pírógíráàmù mìíràn irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o. Wọn ò ní gbà fún ara wọn.” Lẹ́yìn ọdún méjì ó kú.

Iṣẹ́ tó mú orúkọ Àsàmáù jáde ni àmì àyà aṣọ iléèwé Madame Manuella, ọ̀gá iléèwé kan ní Bonamoussadi. Ọkọ̀ ojú omi kan ni, pẹ̀lú ìwé tó ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi yà á, òwú kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde, Madame wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ma sœur, arábìnrin mi, ọkọ̀ kọ́ lèyí o, sálúbàtà ni!” Àsàmáù tú u, ó tún un yà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọdún tí wọ́n bá fẹ́ wọlé, àmì iléèwé yẹn ni a fi máa ń jẹun ní ẹ̀gbẹ́ wa níbí, torí èmi náà ni mo ń ta òwú fún un.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Faransé ni kọ̀ǹpútà náà ń sọ. Àsàmáù ò gbọ́ Faransé dáadáa nígbà tó dé, nítorí náà ó ní ìwé kíkọ kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá sọ tí kò yé e, á kọ ọ́ síbẹ̀. Tí Madame Manuella bá wá kó iṣẹ́, á ní, “Madame, s'il vous plaît, kí ni èyí?” Bó ṣe mọ̀ pé “pilote” nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹni tó ń wa bàálù nìyẹn, pé ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ nǹkan tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ ni. Ó máa ń kà á pẹ̀lú ìka, wóró kan, wóró kan, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn ọmọ wọlé, òjò ń rọ̀ bí ẹni tó da odò Wouri dé wa lórí, ni Alhaji Aminullah sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ broderie tuntun ni wọ́n gbé wá, olórí méjì.

“Ìyàwó Nàfíù! Wá wo ohun tí Ọlọ́hun ṣe!”

Àsàmáù jáde.

“Èyí tí tìẹ ń ṣe ní wákàtí kan, ìdajì wákàtí lèyí fi máa parí ẹ̀. Fùwàd máa fi pírógíráàmù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ fún ọ. Ẹ̀rọ méjì, kọ̀ǹpútà kan.”

Mo rí i tó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Èkó yẹn wà ní ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó ilé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ gbé ẹ̀bùn wá fún tó máa sọ pé ẹ gbé e padà? Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn. “Ẹ ṣeun, Alhaji. Ọlọ́hun á fún yín ní èyí tó ju báyìí lọ.”

Ó dìde, ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ìyá Husnah, ẹ̀rù ń bà mí.”

Fùwàd dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àbúrò Alhaji àti Nàfíù ni, àbíkẹ́yìn ilé wọn, Douala ni wọ́n bí i sí, ó ka ìwé kọ̀ǹpútà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré ni nígbà tí Àsàmáù wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ ni. Àsàmáù kì í pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló ń pè é, torí àpò ìwé tó máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn nígbà yẹn, ó sì ń kí i pẹ̀lú “ẹ”.

“Akọ̀wé, ẹ kú òjò. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin tó ta ẹ̀rọ yìí fún mi ní kí n má ṣe fi—”

“Ìyàwó, laisse, fi sílẹ̀. Mo mọ nǹkan tí mo ń ṣe.”

Ó jókòó. Ó ki kọ́kọ́rọ́ ti pírógíráàmù tuntun bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá, kò ka ohunkóhun. Faransé lèdè rẹ̀, kí ló fẹ́ kà? Suivant ni ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó máa lọ síwájú. “Suivant. Suivant. Suivant. Terminer. Et voilà!”

Òótọ́ ni, pírógíráàmù tuntun ṣí. Ó dára gan-an, ó ní àwọ̀. Àsàmáù ní kó jọ̀wọ́ ṣí ti àtijọ́ náà wò. Fùwàd tẹ̀ ẹ́. Àpótí kékeré kan jáde lójú kọ̀ǹpútà: “Clé introuvable.” Pé òun ò rí kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà rèé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa àti ìlẹ̀kẹ̀, tó ń tàn wínníwínní!

Fùwàd yọ ọ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó kì í padà. Rárá. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń tún pírógíráàmù ṣe. Ti àtijọ́ ṣí! Inú wa dùn. Ó lọ sórí tuntun, tuntun ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́ tòun. Ó tún tuntun ṣe, ti àtijọ́ kú. Ó tún ti àtijọ́ ṣe, tuntun kú. Ìgbà mẹ́rin ló ṣe báyìí kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Jímọ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, ó pa èyí tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní wáyà ni. Ó ní iná ni. Ó ní òjò ni.

Mo ní, “Akọ̀wé, àwọn méjèèjì ti di orogún o. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á di ẹrù rẹ̀.”

“Maman Husnah, ẹ jọ̀ọ́, bọ́tìnnì yín ń pè yín.”

Nígbà tó di aago méjìlá kọjá díẹ̀, ó na apá, ó ní, “Bon. Mo máa formater.”

“Kí nìyẹn, Akọ̀wé?”

“Mo máa nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó máa dà bíi tuntun. Mo máa fi Windows mìíràn sí i.”

“Pírógíráàmù mi àtijọ́ ńkọ́? Dísìkì rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ni ín ti kú.”

“Mo máa wá a lórí internet.”

“Tí ẹ ò bá rí i ńkọ́? Àmì iléèwé wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ gbé àkọ́kọ́ lọ.”

“Ìyàwó! O máa fi tuntun yà á. Ṣé tuntun ò dáa ni?”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọkọ̀ ojú omi kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Àsàmáù mọ̀ pé tí Madame ò bá rí àmì rẹ̀ gbà lọ́jọ́ Ajé, ó máa wá ẹlòmíràn, tí Madame bá sì lọ, kí ló tún kù tó máa jẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ ní Bonabéri? Akwa ló ń padà sí, lábẹ́ ìyàwó Alhaji, kó máa tọrọ àyè ìtọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Akọ̀wé, àkókò Jímọ̀ ti ń lọ o. Ẹ lọ kírun kọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ nù ún.”

Fùwàd gun béńdísíkìn, ó kọjá afárá lọ sí mọ́ṣáláṣí ní Akwa níbi tí Alhaji wà. Bí ọ̀kadà yẹn ṣe yí igun báyìí, Àsàmáù ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo pa ṣọ́ọ̀bù mi dé lójú ẹsẹ̀, ta ni yóò ra bọ́tìnnì nínú òjò?

Ó ṣí ìwé kíkọ rẹ̀. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tó ti kọ ọ́ tipẹ́: “Restauration du système”, ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń rántí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó wá a pẹ̀lú ìka kan. Ó rí ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni Ọjọ́bọ̀, aago méjì, kí Fùwàd tó bẹ̀rẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ tó fi pamọ́. Ó ní “Bísímílà,” ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kú, ó jí, ó tún kú. Mo ń ka ìṣẹ́jú lórí fóònù mi. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún. Nígbà tó ṣí, ó tẹ ti àtijọ́: ọkọ̀ ojú omi jáde, pẹ̀lú ìwé nínú rẹ̀.

Mo ní, “Alhamdulilahi, fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!”

“Mi ò lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tuntun tí Alhaji gbé wá ò ní ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní mo kọ ẹ̀bùn.”

Ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n kò ṣe “Suivant, Suivant”. Gbogbo ojú ìwé tó bá jáde, ó ń gbé ìka lé e, ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, àpótí kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ti fàmì sí gbogbo wọn kó tó dé. Ìka rẹ̀ dúró lórí ìkẹta. “Remplacer... le pilote... de la clé.” Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ìyá Husnah. Òun rèé.”

“Ta ni?”

“Ẹni tó ń pààrọ̀ àgádágodo lójú mi, pilote kọ́kọ́rọ́ yẹn. Irú kọ́kọ́rọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ń gbé ti ẹni àkọ́kọ́ sọ nù, tó ń fi tiẹ̀ síbẹ̀. Tí mi ò bá ní kó pààrọ̀, á fi tiẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.”

Ó yọ àmì yẹn kúrò, ọ̀kan ṣoṣo yẹn, kó tó wá tẹ “Suivant”. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó tẹ ti àtijọ́, ó ṣí. Ó tẹ tuntun, ó ṣí. Àwọn méjèèjì jọ wà lójú kọ̀ǹpútà kan náà, kò sẹ́ni tó lé ẹnikẹ́ni. Àsàmáù pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kíkọ rẹ̀, ó sì fi àmì àkọ́kọ́ sí ẹ̀rọ. Tàtàtàtà, tàtàtàtà. Bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe dùn létí!

Ibi tó ti ń dún ni Alhaji ti dé. Wọ́n jọ ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú Fùwàd àti ọ̀rẹ́ Alhaji méjì, àwọn àgbà oníṣòwò, tí Alhaji fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn. Fùwàd ti sọ fún wọn pé ó ku díẹ̀ kí òun parí. Bó ṣe gbọ́ ohùn ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Alhaji yọ gàn-an-gàn-an wo kọ̀ǹpútà. “Ó ti ń ṣiṣẹ́! Méjèèjì! Ta ló parí ẹ̀?”

Fùwàd ń wo ilẹ̀. Àwọn àlejò ń wo Fùwàd. Mo la ẹnu báyìí, Àsàmáù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, pẹ̀lú gìgísẹ̀!

Ó ní, “Akọ̀wé ni. Kí wọ́n tó lọ kírun ni wọ́n ti parí ẹ̀, wọ́n ní kí n kàn fún un ní ìsinmi díẹ̀.”

“Mo sọ fún yín!” Alhaji gbá Fùwàd lẹ́yìn. “Owó iléèwé ọmọ yìí ò ṣòfò!” Àwọn àgbà ń wúre, Fùwàd ń ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo kọjú sí i. “Orí ẹ ò pé ni?”

“Ṣé kí n dójú ti ọkọ mi níwájú àlejò? Ìyá Husnah, ilé yẹn ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ṣáà wà níbí.”

Ọjọ́ Ajé, ó gbé ìdajì àmì lọ fún Madame Manuella. Inú Madame dùn, ó ní kó mú ìdajì tó kù wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àsàmáù padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ra súyà fún mi. Mi ò mọ̀ pé súyà ìdágbére ni mò ń jẹ.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Alhaji pe ìpàdé ẹbí. Mi ò sí níbẹ̀, ohun tí Àsàmáù sọ fún mi ni mo ń sọ fún yín. Alhaji ní òun ti ronú. Ẹ̀rọ tó níye lórí báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe ló yẹ kó wà. Ṣé bó bá tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, Fùwàd á máa gun béńdísíkìn kọjá afárá lójoojúmọ́ ni? Kí wọ́n kó o wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹbí ní Akwa, kí Fùwàd máa mójú tó o.

Àsàmáù kúnlẹ̀. “Alhaji, ẹ gbé tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ mi dúró sí Bonabéri.”

“Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọ̀kan ni. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ṣé ká là á sí méjì ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ibí yìí ni ohun tí òun ṣe ti wá yé e. Ká ní òun fi tuntun sílẹ̀ ní òkú lọ́jọ́ náà ni, wọn ì bá wá kọ̀ǹpútà mìíràn fún un. Òun fúnra òun ló so wọ́n pọ̀, tó so wọ́n dáadáa.

Ó wo Nàfíù. Nàfíù ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ dá iye lé e. Ó wo Fùwàd. Fùwàd ń tẹ fóònù.

Ó bá ní, “Alhaji, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é lọ́jọ́ náà.”

Ìyàwó Alhaji kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. “Hẹ̀ẹ́! Ìyàwó, ṣebí ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ níwájú àlejò pé Akọ̀wé ni? Ìgbà wo lo wá purọ́, ìgbà yẹn tàbí ìsinsìnyí?”

Alhaji bi Fùwàd, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Fùwàd ní, “Ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀.” Díẹ̀! Wọ́n ní kí Àsàmáù tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọrọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ nínú òjò. Tapólì mi ni wọ́n fi bò ó, wọn ò sì tíì dá a padà títí di òní. Kọ́kọ́rọ́ olówùú pupa ló gbẹ́yìn. Àsàmáù yọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fi í lé Fùwàd lọ́wọ́. “Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kó sọ nù o.”

Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí fóònù dún. Àwa méjèèjì la jọ jókòó, mò ń to bọ́tìnnì. Àsàmáù gbé e sí gbangba kó lè máa rán ṣòkòtò. Fùwàd ló pè.

“Ìyàwó, ó ti tún ṣe é. Kọ̀ǹpútà ní mise à jour, pé òun fẹ́ sọ ara òun dọ̀tun, mo tẹ̀ ẹ́. Ti àtijọ́ ti kọ̀. Madame iléèwé yẹn ti pe ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta. Kí lo ṣe lọ́jọ́ yẹn?”

Mo fi ọwọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún un: pa á! Jẹ́ kó jó níná! Àsàmáù fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ. Ó gbé ìwé kíkọ rẹ̀ jáde lábẹ́ àkísà.

“Akọ̀wé, ẹ ṣí ibi tí mo máa sọ yìí. Ẹ má tẹ Suivant o. Ẹ dúró. Ẹ kà á fún mi.” Ó ń kà á, Fùwàd ń kà á tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé kéú. Ó pa fóònù nígbà tí kọ̀ǹpútà fẹ́ kú kó tún jí, Fùwàd tún pè. “Ìkẹta, Akọ̀wé. Ẹ yọ àmì ìkẹta kúrò. Ìkẹta nìkan.”

A gbọ́ ọ láti inú fóònù. Tàtàtàtà.

“Ça marche, ó ti ń ṣiṣẹ́! Ìyàwó, merci, hein.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mais... má sọ fún Alhaji.”

“Mi ò ní sọ.”

Mo ní, “Àsàmáù, kí ló dé?”

“Àwọn ọmọ yẹn ti ń lọ síléèwé láìní àmì láyà, Ìyá Husnah. Orúkọ mi ni Madame mọ̀.”

Lọ́jọ́ kẹta, Madame Manuella pè é. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní àmì tó kù ti dé, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó ní, “Ma sœur, ọmọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ o! Ó ti fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, òun ni màá máa pè tààrà, kí n má bàa máa yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.”

“Merci, Madame,” ni Àsàmáù wí.

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí n fún òun ní òwú búlúù, pé ṣòkòtò tó wà nílẹ̀ yìí, aago mẹ́rin ni ẹni tó ni ín ń bọ̀.